Ọmọ Bíríkìlà Tó Ń Wolẹ̀ Nínú Igbó Ọ̀ṣun

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo kó àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ lọ sí Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, méjìlá ni wọ́n, mọ́kànlá ń nawọ́ síbí, wọ́n ń ya fọ́tò tọ̀hún. Òun nìkan ló káwọ́ sẹ́yìn, tó dorí kodò. A dúró níwájú ère, ilẹ̀ ló ń wò. A dé etí odò, ilẹ̀ ló ń wò. Mo kọ́kọ́ rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé àṣẹ ló ń pa mọ́. Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un kó tó kúrò nílé pé kò gbọdọ̀ wo ojú ère kankan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni mo ń kọ èyí fún: ẹ̀yin olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ lórin, ẹ̀yin tí ẹ ń mú àlejò káàkiri Òṣogbo. Mi ò ní dárúkọ ọmọ náà, mi ò sì ní júwe ilé wọn. Ohun tí mo ṣe tí kò bọ́ sí i, àti ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà, ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò.

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé ni ètò wa, wákàtí méjì péré. Ohun tí mò ń wá ni pé kí ọmọ lè dúró níwájú iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, kó wò ó dáadáa, tàbí kó tẹ́tí sí i dáadáa, kó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé nǹkan ńlá ni ẹnì kan ṣe síbẹ̀ yẹn. Kò yẹ kí èyí ṣòro ní Òṣogbo. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà pọ̀ nílùú yìí débi pé à ń kọjá lára rẹ̀ bí ẹni ń kọjá lára òpó iná.

Bíríkìlà ni bàbá ọmọ yìí. Ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́, ó sì tún jẹ́ ìyá àdúrà nínú ìjọ wọn. Tí ilé-ìwé bá ti gba ọlidé, ọmọ náà a bá bàbá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, a pọn omi, a fi asẹ́ sẹ́ yanrìn, a gbé búlọ́ọ̀kù. Mo mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ó wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ. Mo kà á, mo pa fọ́ọ̀mù náà dé. Ó ń dùn mí títí di òní.

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú ni ohun tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n ṣe, ìyẹn ìtàn pẹ̀lú ọdún. Mo kọ ọ́ sójú pátákó pé Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà tó ṣáájú iṣẹ́ ère inú igbó náà, ẹni tí gbogbo Òṣogbo mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ni wọ́n bí sí ìlú Graz ní Austria lọ́dún 1915. Pé ó dé Nàìjíríà ní 1950. Pé ìjọba kéde igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1965, tí àjọ UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àgbáyé ní 2005. Pé ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi héétà 75. Pé Òṣogbo níbí ni Àdùnní kú sí, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009. Mo ṣe ìdánwò fún wọn. Ọmọ tó ń wolẹ̀ yìí ló gba máàkì jù. Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ni mo gbé fọ́tò ère kan jáde, ère tí a ti dúró sábẹ́ rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, mo ní kó sọ ohun tó rántí nípa rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mi ò wò ó."

Ẹ rí i, ó mọ gbogbo ọdún yẹn látorí dópin, kò sì tíì rí ère kan.

Àṣìṣe mi kejì burú ju ti ìṣáájú lọ. Nígbà tí mo gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un, mo bá a jà níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ní kò sí ohun tí ère lè fi ẹnikẹ́ni ṣe, mo ní ṣìmẹ́ńtì lásán ni. Ọmọ náà kò fèsì. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ dé.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ ni mo ní kí ọmọ mi wá kọ́. Mi ò rán an wá kí ẹ wá bá a jiyàn ẹ̀sìn."

Kò pariwo rárá. Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n lọ. Èmi náà jókòó síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo sọ ń padà wá bá mi lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣìmẹ́ńtì lásán." Ọ̀rọ̀ yẹn ta bá àwọn tó ń bọ Ọ̀ṣun, ó sì ta bá ìyá yìí náà, torí mo sọ ẹ̀rù rẹ̀ di òmùgọ̀ níwájú ọmọ rẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni "lásán" yẹn. Èmi tí mo ní kí àwọn ọmọ wá wo iṣẹ́ ńlá, èmi náà ni mo pè é ní lásán.

Mo lọ sílé wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n, wọ́n ní kí n dìde, wọ́n fún mi lómi. Mo ní, "Màmá, ẹ foríjì mí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ kò yẹ lẹ́nu olùkọ́."

"Ó ti tán, tíṣà. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò tún ní lọ síbẹ̀ mọ́."

Mo ní kò burú. Mo ti fẹ́ dìde nígbà tí bàbá, tó ti ń fetí sílẹ̀ lórí àga láti ìgbà tí mo wọlé, tí ṣìmẹ́ńtì ọjọ́ náà ṣì gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, béèrè pé:

"Kí ni wọ́n tiẹ̀ fi ṣe àwọn nǹkan yẹn?"

"Ṣìmẹ́ńtì ló pọ̀ jù nínú àwọn ńlá yẹn, sà. Irin wà nínú wọn."

"Ó tó ìgbà wo?"

"Púpọ̀ nínú wọn ti lé ní àádọ́ta ọdún."

Bàbá gbé ife omi rẹ̀ kalẹ̀. "Nínú igbó? Létí odò? Tí òjò ń rọ̀ lé wọn?" Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ta ni bíríkìlà wọn?"

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń mú ènìyàn wọ igbó yẹn. Wọ́n ti bi mí ní òrìṣà tó ni ère, wọ́n ti bi mí ní iye owó ìwọlé, wọ́n ti bi mí nípa òyìnbó obìnrin náà títí ẹnu fi rẹ̀ mí. Kò sẹ́ni tó bi mí rí ní ẹni tí bíríkìlà jẹ́. Mo sì mọ̀ ọ́n! Adébísí Àkànjí, ọmọ Òṣogbo, bíríkìlà gidi ni kó tó di agbẹ́gilére tí wọ́n ń fi ṣìmẹ́ńtì dá mọ̀ kárí ayé. Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ, torí igi kọ́ ló gbẹ́: ère ló ń fi ṣìmẹ́ńtì mọ. Káfíńtà ni Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí kó tó máa gbẹ́ òkúta. Kásálì Àkàngbé ń gbẹ́ igi, àwọn èèyàn inú iṣẹ́ rẹ̀ a sì ga, wọn a pẹ́lẹ́ńgẹ́. Asírù Ọlátúndé tó lu ìtàn sójú irin pẹlẹbẹ nígbà ayé rẹ̀, alágbẹ̀dẹ ni. Èmi kò fẹ́ràn bí a ṣe máa ń sọ pé Àdùnní ló ṣe igbó yẹn, ká sì dákẹ́ síbẹ̀. Ojú inú Àdùnní tóbi, ó sì fi ayé rẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú yìí ló wà nínú ṣìmẹ́ńtì yẹn pẹ̀lú tirẹ̀.

Mo sọ èyí fún bàbá. Ó ní, "Èmi fúnra mi máa lọ wò ó. Ọmọ á bá mi lọ, bó ṣe máa ń bá mi lọ síbi iṣẹ́." Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn ronú díẹ̀, ó ní, "Ẹ ò gbọdọ̀ tẹrí ba fún nǹkan kan o." Bàbá ní, "A ò ní tẹrí ba."

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kì í ṣe èmi ni mo yí i.

Ọjọ́ tí a lọ, mo pinnu pé n kò ní sọ̀rọ̀ àyàfi tí wọ́n bá bi mí. Bàbá kọ́kọ́ bi afinimọ̀nà bóyá òun lè fọwọ́ kàn án. Ìyẹn ní kó má fọwọ́ kàn án, kó sún mọ́ ọn kó wò ó. Ó sún mọ́ ọn débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ère. Ère ńlá ni, apá rẹ̀ nà síta gbọọrọ, kò sì sí òpó kankan tó gbé e ró. Bàbá rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì láìsọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀.

"Wá wo ìgúnpá yìí. Bó bá jẹ́ òpó la fẹ́ dà, kí la máa ń kọ́kọ́ ṣe?"

"A ó na irin dúró, a ó kan pákó yí i ká, a ó wá da kankéré sí i."

"Pákó wo ló lè tẹ̀ bí èyí?"

Ọmọ náà gbójú sókè. Ìgúnpá ló kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ojú. Àṣẹ ìyá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò rú u. Láti ìgúnpá ó tọ apá náà lọ sí èjìká. Bàbá rẹ̀ ń ṣàlàyé pé irin tó wà nínú apá bẹ́ẹ̀ kò lè dúró sí èjìká, ó ní láti gba inú ara sọ̀kalẹ̀ dé ìdí, kí wọ́n fi wáyà dì í mọ́ àwọn irin yòókù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, apá á já. Ó ní èyí tó le ni wọ́n kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ irin, èyí tó kúnná ló wà lójú. Ó ní wọ́n á ti máa bu omi wọ́n ọn kó má baà tètè gbẹ, torí ṣìmẹ́ńtì tí oòrùn bá sáré gbẹ, sísán ló máa sán. Ó fi ibì kan hàn án lẹ́bàá ìsàlẹ̀ tó ti ṣí sílẹ̀, tí pupa irin ti hàn. "Omi ló wọlé, irin dógùn-ún. Irin tó bá dógùn-ún a máa wú. Bó bá ń wú, á máa ti ṣìmẹ́ńtì jáde, bí òròmọdìẹ ṣe ń ti èèpo ẹyin." Mo ti ń gbọ́ nípa àtúnṣe àwọn ère wọ̀nyẹn tipẹ́, ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

Ọmọ náà ló wá sọ ohun tí èmi fúnra mi kò rí rí. "Bàbá, wọn ò fi irin rẹ́ ẹ. Ìka ni. Ẹ wo ipa ìka." Lóòótọ́ ni. Nísàlẹ̀ èjìká, níbi tí ewé ti ń ṣíji bò ó, ìlà mẹ́rin tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n rọra tẹ̀ bí ara ṣe tẹ̀. Ẹnì kan ti fi ìka mẹ́rin fa ṣìmẹ́ńtì tútù sísàlẹ̀ níbẹ̀, kí a tó bí ọmọ yìí, bóyá kí a tó bí bàbá rẹ̀. Ọmọ náà na ìka mẹ́rin tirẹ̀ sókè láti òkèèrè, ó fi wọ́n wọn ìlà náà.

Lábẹ́ ère kan ṣoṣo la ti lo wákàtí kan àti ààbọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ibi mẹ́sàn-án ni mo ti sá mú wọn dé láàárín wákàtí méjì.

Mo gbọ́dọ̀ fi ohun kan kún un, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́. Bí a ti ń jáde, ìyá àgbà kan tó wọ aṣọ funfun kúnlẹ̀ létí odò, ó ń bá Ọ̀ṣun sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bàbá tó ti ń sọ̀rọ̀ irin àti yanrìn kíkankíkan rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó fa ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ìyá náà fi dìde. Kò gba ẹ̀sìn rẹ̀, kò sì tàbùkù ibẹ̀. Ilé ìjọsìn ni ibẹ̀ jẹ́ fún àwọn kan láti ayé Láróòyè àti Tìmẹ́hìn tó tẹ ìlú yìí dó, ó sì yẹ kí ọmọ tí a ń kọ́ ní ọnà mọ èyí náà.

Ọ̀rọ̀ ìlù ló kù. Mo ti gbé dùndún sí wọn létí rí láti inú ẹ̀rọ, ọmọ yìí sì ti sọ fún mi pé, "Ó dùn fún ijó, sà. Ṣùgbọ́n ariwo ni." Òótọ́ inú rẹ̀ ló sọ. Lẹ́yìn ọjọ́ igbó, mo rò ó pé bó bá jẹ́ irin inú ère ló ṣí i lójú, kí ni irin inú ìlù? Mo kó gbogbo wọn lọ sílé àgbà onílù kan.

Àgbà náà gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, ṣaworo ń dún wínníwínní létí awọ. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má jó. Ó fẹnu pe ọ̀rọ̀ mẹ́rin: igba, igbá, ìgbà, ìgbá. Ó wá fi ìlù pè wọ́n bákan náà, ó ń fún ọ̀ṣán mọ́ ìhà, ó ń dẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹgọ́ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ pariwo, wọ́n gbọ́ ọ! Ó wá pa ẹnu dé, ó lù ú lẹ́ẹ̀mejì péré.

"Igbá!" Gbogbo wọn ló pè é.

"Rárá. Ilé ni mo sọ."

Ó tún un lù. "Ilé!"

"Rárá. Ewé ni."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Ọmọ bíríkìlà ló dáhùn lẹ́yìn, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Bákan náà ni wọ́n rí. Òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn nìkan ló wà nínú ìlù." Àgbà onílù rẹ́rìn-ín. Ó ní ìdí nìyẹn tí àyàn kì í fi í fi ìlù pe "ilé" kó sì dákẹ́. Yóò sọ ilé ta ni, ọmọ ta ló kọ́ ọ, ta ló jẹun níbẹ̀ títí, kí onílé tó mọ̀ pé òun là ń kì. Ọmọ náà ní, "Bí ère yẹn ni. Irin nìkan kò tíì di apá. Ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ló ń sọ pé apá ni."

Mi ò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn. N kò sì lè kọ́ ọ.

Àgbà náà gba ìyáàlù kalẹ̀ kí wọ́n wo igi rẹ̀. Igi ọmọ̀ ni, inú rẹ̀ ṣófo, ìbàdí rẹ̀ sì tín-ín-rín. Ó ní àwọn àgbà fẹ́ràn èyí tó bá hù lẹ́bàá ọ̀nà, torí ó ti ń gbọ́ ohùn ènìyàn látìgbà tó ti wà lóòró. Ó fi awọ ewúrẹ́ hàn wọ́n bó ṣe fẹ́lẹ́ tó. Ó jẹ́ kí wọ́n gbé gúdúgúdú kọ́rùn, èyí tí kò ní ọ̀ṣán tí a lè fún, tí a fi awọ líle méjì ń lù. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ọmọ náà bi mí bóyá a lè lu ìyáàlù nínú ìjọ. Mo ní wọ́n ń lù ú níbi púpọ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ní Òṣogbo yìí kan náà, níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dúró Ládípọ̀, òṣèré orí ìtàgé, gbé ìlù wọ inú orin Àjíǹde nínú ìjọ, àwọn kan kò sì gbà fún un. Ní 1962 ni Mbárí Mbáyọ̀, ilé tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ń péjọ sí, bẹ̀rẹ̀ níbí, Ládípọ̀ wà nídìí rẹ̀. Nígbà tó fi di 1964, ó ti gbé eré rẹ̀, Ọba Kò So, dé Berlin pẹ̀lú dùndún àti bàtá. Orúkọ Mbárí wá láti èdè Ìgbò. Àwọn ará Òṣogbo ló fi etí Yorùbá gbọ́ ọ: bí mo bá rí i, máa yọ̀. Ọmọ náà tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì kó má baà gbàgbé.

Mo ti yí ọ̀nà tí mò ń gbà ṣe iṣẹ́ padà. Ilé àwọn ọmọ ni mo ń kọ́kọ́ lọ báyìí, kí n kí òbí, kí n sọ ibi tí a ó dé àti ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní fipá mú ọmọ wọn ṣe. Mo ń béèrè iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń ṣe nílé, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ọmọ aránṣọ ni mo ń fi ọ̀nà tí awọ ìlù gbà so mọ́ra hàn, ọmọ káfíńtà ni mo ń mú dé iwájú igi Kásálì. Ère kan ni à ń wò lọ́jọ́ kan, ìbéèrè tí mo sì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ni pé: níbo lẹ rò pé ó ti le jù fún ẹni tó ṣe é? Ọdún àti orúkọ ń tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n bá ti fẹ́ mọ̀. Èyí kì í bọ́ sí i fún gbogbo ọmọ. Àwọn méjì lára méjìlá yẹn, bí wọ́n ṣe wá náà ni wọ́n ṣe lọ, mi ò sì tíì mọ ohun tí ǹ bá ti ṣe fún wọn.

Ìyá ọmọ náà kò tíì wọ igbó yẹn títí di òní, n kò sì bẹ̀ ẹ́. Òun ló wá bá mi lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá gbọ́ ohun tí mo fi ọmọ òun dà. Ọmọ náà kó garawa ọ̀dà mẹ́ta jọ lẹ́yìn ilé, ńlá, kékeré, èyí tó kéré jù, ó da yanrìn díẹ̀díẹ̀ sí wọn títí ohùn wọn fi yàtọ̀ síra. Igi méjì ló fi ń lù wọ́n. Ìyá wà níbi tó ti ń ro àmàlà nígbà tó gbọ́ ọ: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè. Ó tún gbọ́ ọ: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè. Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì rẹ̀. Ó fi orógùn sílẹ̀ nínú ìkòkò, ó yọjú lójú fèrèsé.

"Àbẹ̀kẹ́ lò ń pè ni, àbí Àdùkẹ́ ilé kejì?"

Ọmọ náà dá ọwọ́ dúró. Ó ronú. Ó wá tún un lù láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fi orúkọ ìlú tí wọ́n ti fẹ́ ìyá rẹ̀ wá kún un.